Agbádá Kì Í Ní Bọ́tìnnì

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé aṣọ fún bàbá mi rán rí ní Èjìgbò ló mọ gbólóhùn kan: "Ó ku bọ́tìnnì." Bó o bá lọ béèrè ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, ó ku bọ́tìnnì. Bó o bá lọ béèrè ṣòkòtò tí ọmọ rẹ fẹ́ wọ̀ lọ síléèwé, ó ku bọ́tìnnì. Ìyá àgbà kan láti ìlú Ara gbé ìró àti bùbá wá nínú oṣù Ààwẹ̀. Nígbà tí ìyá náà máa padà wá, Iléyá ti kọjá, bàbá mi sì ní ó ku bọ́tìnnì. Ìyá náà wo ìró tó wà nídìí rẹ̀, ó tún wo ojú bàbá mi. Ó ní, "Mùtàlíbù, apá ibo ni wọ́n ń fi bọ́tìnnì sí lára ìró?" Bàbá mi ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Ti ìgbàlódé ni."

Èmi Bàrákátù, àkọ́bí wọn, ni mò ń sọ ọ́, n ò sì ní fi ohunkóhun pa mọ́. Wọ́n kúkú ṣì wà láyé. Bó bá wù wọ́n, kí wọ́n wá jiyàn.

Abíjáànì ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ní ìlú wa, bí ọmọkùnrin bá ti ń hu irùngbọ̀n, ọkàn rẹ̀ á ti máa fà sí ọkọ̀ Abíjáànì. Bàbá mi náà lọ, wọ́n sì lo ọdún mọ́kànlá lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n kó ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, rédíò kan àti ọ̀rọ̀ Faransé bíi mẹ́ta bọ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni "tudusuwíìtì". Àwọn tó gbọ́ Faransé dáadáa sọ fún wa pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni "lójú ẹsẹ̀". Lẹ́nu bàbá mi, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ oṣù mẹ́ta.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n o. Láti Èjìgbò títí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kò sí télọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tó tiwọn. Aṣọ tí wọ́n bá rán, bó o bá yí inú rẹ̀ síta, o ò ní tètè mọ èyí tó jẹ́ inú. Ìgbàgbọ́ kan ni wọ́n ní tó ń yọ gbogbo ayé lẹ́nu. Wọ́n gbà pé aṣọ tí télọ̀ bá tètè fún oníbàárà, oníbàárà náà ò ní kà á sí. "Bí mo bá fún un lónìí, á ní ṣé gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ nìyí? Ṣùgbọ́n bó bá wá lẹ́ẹ̀mẹrin, á mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ." Nítorí náà, aṣọ tó ti pé á kọ́ sára ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù, á máa wo ẹni tó ni ín bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá mi, Sàídátù, ò gba irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀. Gàrí ni wọ́n ń tà ní tiwọn. Wọ́n á gun máṣíìnì lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, wọ́n á gbé gàrí bọ̀, bí wọ́n bá sì ti sọ fún ẹnì kan pé ọ̀la ni, ọ̀la náà ni. Wọ́n máa ń sọ fún bàbá mi pé, "Bàbá Bàrákà, bí èmi náà bá ń sọ fáwọn èèyàn pé ó ku kí gàrí gbẹ, kí ni wọ́n á fi ṣe ẹ̀bà?" Bàbá mi á ní, "Ìyá Bàrákà, gàrí kì í ṣe aṣọ." Ìyá mi á ní, "Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń rí i jẹ."

Nǹkan kan tún kù tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Bàbá mi ò lọ síléèwé òyìnbó, ilé-kéú ni wọ́n lọ. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ orúkọ oníbàárà àti ọjọ́ tí aṣọ máa pé sórí bébà pélébé, wọ́n á wá fi òwú so bébà náà mọ́ ọrùn aṣọ nínú. Oníbàárà ò lè kà á, inú bàbá mi sì dùn sí i bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ tó wà lórí bébà kì í bá èyí tó wà lẹ́nu wọn mu. Èmi ni mo lè kà á nílé wa, torí pé èmi náà ń lọ sí ilé-kéú nírọ̀lẹ́.

Ọdún 1986 ni ọ̀rọ̀ eré wọ ilé wa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo wà ní kíláàsì karùn-ún. Tíṣà Olújídé, olùkọ́ wa, kọ eré kan tí a máa ṣe lọ́jọ́ tí a máa gba ìsinmi oṣù Kejìlá. Wọ́n pe eré náà ní "Ọba Tí Kì Í Purọ́". Ọba yìí ti búra lọ́jọ́ tó gorí ìtẹ́ pé irọ́ ò ní tẹnu òun jáde láéláé, gbogbo òpùrọ́ ìlú sì ń gbé ẹjọ́ wá síwájú rẹ̀. Èmi ni Tíṣà fi jọba. Kì í ṣe pé mo rí bí ọba. Ohùn mi ni. Bí mo bá pe ẹnì kan láti ẹ̀yìnkùlé wa, ẹni tó ń lọ sí ìlú Ola á bojú wẹ̀yìn.

Fàsílátù, ọmọ Dúrójaiyé awakọ̀, ló fẹ́ ipò náà tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàìsàn. Tíṣà fi í ṣe olorì láti fi pẹ̀tù sí i lọ́kàn. Wọ́n wá là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo wa pé ọba ò lè wọ yunifọ́ọ̀mù jókòó sórí ìtẹ́. "Bàrákátù, wá agbádá. Bí agbádá ò bá sí níbí ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Fàsílátù ló máa jọba. Bàbá tiẹ̀ ní èyí tó máa yá a."

Mo ní, "Tíṣà, télọ̀ ni bàbá mi."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ṣebí wọ́n mọ bàbá mi. Aṣọ Iléyá mi ọdún yẹn pé ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn Iléyá, omi ni mo wọ̀ ọ́ lọ pọn. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ó ká mi lára. Ipò ọba yẹn wù mí ju oúnjẹ lọ, mo sì mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bá bàbá mi nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo dúró níwájú wọn bí oníbàárà, wọ́n sì fa téèpù yọ lọ́rùn, wọ́n wọn èjìká mi, wọ́n wọn gígùn mi láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Wọ́n mú bébà.

"Orúkọ oníbàárà?"

"Kábíyèsí."

Wọ́n kọ ọ́. "Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ gbà á, Kábíyèsí?"

"Ọjọ́bọ̀."

Wọ́n kọ ọ́. "Ó ti parí nìyẹn. Tudusuwíìtì."

"Bàbá, ẹ ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí."

"Ẹ búra."

Ìyá mi pariwo láti ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń ku gàrí, "Bàrákà, má jẹ́ kí wọ́n búra o! Má kó bàbá rẹ sínú ẹ̀ṣẹ̀."

N ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ra aṣọ pupa kan tó ń dán, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i tí wọ́n gé e. Wọ́n dì í, wọ́n fi bébà mi lé e, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn ará Abíjáànì bẹ̀rẹ̀ sí í dé fún ìsinmi ọdún, olúkúlùkù pẹ̀lú aṣọ lábíyá. Èyí fẹ́ wọ tirẹ̀ re ìsọmọlórúkọ, tọ̀hún fẹ́ wọ tirẹ̀ lọ kí àna. Aṣọ tèmi wà lórí pẹpẹ, ó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ.

Nínú àwọn ará Abíjáànì náà, Alàájì Kàsímù ló lórúkọ jù. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù méjì lọ́hùn-ún, wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé. Gíní aláwọ̀ ewé ni wọ́n gbé wá kí bàbá mi fi rán agbádá fún àwọn, wọ́n sì ní kí wọ́n fi òwú funfun ṣe kọ́kọ́rọ́ méjì sójú àpò àyà rẹ̀, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ṣe iṣẹ́ náà débi pé èèyàn á fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ṣílẹ̀kùn. Ọjọ́ Ajé ló ti pé. Ọjọ́ Ajé yẹn náà ni Alàájì wá, bàbá mi ní ó ku bọ́tìnnì. Alàájì tún wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ku bọ́tìnnì. Wọ́n wá láàárọ̀ Ọjọ́rú, èmi náà wà níbẹ̀, mò ń wọ sálúbàtà láti lọ síléèwé.

"Mùtà," ni Alàájì wí, "mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí lórí ibùsùn. Agbádá kì í ní bọ́tìnnì."

"Ti bùbá abẹ́ rẹ̀ ni, Alàájì."

"N ò gbé bùbá kankan fún ọ."

Bàbá mi họrí. "Alàájì, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Jímọ̀. Tudusuwíìtì."

Alàájì mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ pé ọjọ́ Sátidé ni nikáì ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn, àti pé Ola làwọn ń lọ lọ́jọ́bọ̀ láti lọ kí àwọn àna àwọn. Bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ Ola yẹn, wọ́n sì fi í pa mọ́ sọ́kàn.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú náà ni mo dé láti iléèwé, mo lọ tààrà sí ìdí pẹpẹ. Aṣọ pupa mi wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe dì í. Abẹ́rẹ́ ò kàn án. Mo yíjú sí bàbá mi. Wọ́n la ẹnu.

"Ó ku..."

"Ẹ má sọ ọ́!" Ẹkún ti gbà mí lẹ́nu. "Bàbá, oníbàárà lẹ kà mí sí! Èmi náà, oníbàárà lásán ni mí lójú yín!"

Ọ̀rọ̀ náà tóbi ju ẹnu mi lọ, mo mọ̀. Ó dùn mí, mo sì rí i pé ó dun àwọn náà, torí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ìyá mi ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Bàbá Bàrákà, ẹni tó ń fi ọ̀la dá ọ̀la, òní ti bá a."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀. Fàsílátù ti dé adé onípépà wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù mi, mò ń wo ilẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ táwọn ọmọ ní, "Bàbá Bàrákátù rèé!" Bàbá mi ló ń bọ̀ lóòótọ́, wọ́n ń yára, téèpù ṣì wà lọ́rùn wọn, ìyá mi ń sáré tẹ̀lé wọn. Wọ́n gbé nǹkan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé dání. Wọ́n tú u. Agbádá aláwọ̀ ewé ni, ó ń kọ mànà, ó sì ṣe rẹ́gí lára mi.

Mo pariwo, mo dì mọ́ wọn. N ò tiẹ̀ bi ara mi léèrè bí pupa ṣe di àwọ̀ ewé. Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé, "Ẹ wo aago! Ẹ bá mi wo aago!" Bàbá mi ò wo aago, wọn ò sì wo ojú mi. Ìyá mi wo agbádá náà, wọ́n wo bàbá mi, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

Inú kíláàsì tí a ti ń múra ni ọrùn ti ń yún mi. Mo kiwọ́ bọ inú ọrùn agbádá, mo fa bébà kan yọ. Mo kà á láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ọwọ́ òsì bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Kàsímù. Ọjọ́ Ajé.

Mo yí inú aṣọ náà wò, gbogbo rẹ̀ wá yé mi. Bàbá mi ti ṣẹ́ apá méjèèjì po sínú. Wọ́n ti ṣẹ́ àárín rẹ̀ náà po ní ìṣẹ́po ńlá kan, àpò àyà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjì sì wà ní ìpamọ́ nínú ìṣẹ́po yẹn. Òwú gbọọrọ ni wọ́n fi rán an fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, irú èyí tí èèyàn lè fà tu lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fẹ́ kí n lò ó tán, kí wọ́n tú u, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì gbé e fún Alàájì lọ́jọ́ Jímọ̀. Inú bí mi débi pé etí mi ń gbóná. Aṣọ tí mo fi ń yangàn kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n agogo ti lù, Tíṣà ti ń tì mí jáde.

Bí mo ṣe gorí ìtàgé, tó jẹ́ tábìlì mẹ́fà tí a so pọ̀ tí a tẹ́ ẹní lé, ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí lórí àga ọlá ni Alàájì Kàsímù.

Ọ̀gá iléèwé ló fà á. Ẹni tí wọ́n pè kó wá ṣe alága ọjọ́ náà ò lè wá, wọ́n wá dúró sójú títì, wọ́n ń wá ẹni iyì tó bá máa kọjá. Alàájì ló kọjá, tí wọ́n ń lọ sí Ola. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì kì í kọ àga ọlá. Mo wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo rí bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n ti rí Alàájì. Ẹsẹ̀ wọn kan ti wà lórí fèrèsé náà, ìyá mi sì di etí aṣọ wọn mú.

A bẹ̀rẹ̀ eré. Àgbẹ̀ kan àti ẹlẹ́ran kan gbé ẹjọ́ wá, àwọn méjèèjì ń purọ́. Mo jókòó, mo sì gbọ́ "fàà" ní èjìká òsì. Òwú kan ti já. Mo na ọwọ́ sí àgbẹ̀ náà láti bá a wí, ṣùgbọ́n apá agbádá nìkan ló nà, ọwọ́ mi ti sọnù sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo tún jókòó, apá ọ̀tún náà tú. Mo wá di ọba tí kò lọ́wọ́. Síbẹ̀ mo ń fi ohùn gbá wọn mọ́lẹ̀ pé, "Ẹnu tèmi kì í purọ́! Ẹ sọ òótọ́ kí ìlú lè tòrò!"

Ibẹ̀ ni olorì ti ní láti dìde kó wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Fàsílátù dìde, ó tẹ etí agbádá mi mọ́lẹ̀. Títí di òní olónìí, ó ní òun ò mọ̀ọ́mọ̀. Mo gbé ẹsẹ̀, ìṣẹ́po àárín sì tú pẹrẹrẹ láti ìhà kan dé ìkejì. Agbádá náà balẹ̀, ó bo ẹsẹ̀ mi, ó bo ẹní, ó sì kọ́ wálẹ̀ létí tábìlì. Kọ́kọ́rọ́ funfun méjì yọ síta lórí ikùn mi.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Alàájì Kàsímù dìde. Wọ́n jókòó. Wọ́n tún dìde, wọ́n nu awò ojú wọn, wọ́n tún un fi sójú.

"Kábíyèsí," ni wọ́n wí, ohùn wọn tutù bí omi àmù, "ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni agbádá yẹn?"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ó wà nínú eré. Tíṣà Olújídé ń ṣí ìwé eré wọn láti ojú ewé kan dé òmíràn, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n kọ ìyẹn sí.

Mo dúró. Bí mo bá ní tèmi ni, ọba tí kì í purọ́ ti purọ́ lójú gbogbo Èjìgbò. Bí mo bá ní tiyín ni, Alàájì, mo ti tú bàbá mi sọ́jà, orúkọ wọn á sì bàjẹ́ láti ibí dé Abíjáànì. Inú ṣì ń bí mi sí wọn o. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni wọ́n, mi ò ní òmíràn.

Mo ní, "Bàbá mi ló rán an. Kò sì sí ẹlòmíràn tó lè rán an tó bẹ́ẹ̀."

"Òótọ́ lẹ sọ, Kábíyèsí," ni Alàájì wí. "Ẹni tó rán an ò pa mọ́ sí mi. Ẹni tó ni ín ni mò ń béèrè."

Ó jọ pé àwọn àgbà ti ń fura. Omi bọ́ lójú mi, mo sì fi apá agbádá Alàájì nù ún.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti ẹ̀yìn. "Alàájì, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Èmi ni kẹ́ ẹ bi." Wọ́n ń la àárín èrò bọ̀, pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, wọ́n ṣí fìlà. "Ẹ̀yin lẹ ni ín. Láti ọjọ́ Ajé ló ti pé. Kò ku nǹkan kan. Kò tiẹ̀ ku bọ́tìnnì."

Ẹ ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn rí. Gbogbo oníbàárà wọn ló wà níbẹ̀, àwọn kan ń fọwọ́ lu itan, ìyá àgbà ará Ara yẹn tó wá wo ọmọ ọmọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí bẹ́ńṣì. Bàbá mi dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ṣèlérí fún ọmọ mi, n ò mú un ṣẹ. Mo wá fi tiyín bo ìtìjú ara mi. Ẹ má bínú sí mi, Alàájì. Àti ìwọ náà, Bàrákà."

Mo ti mọ̀ wọ́n fún ọdún mẹ́wàá, n ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí pé aṣọ kan ti pé.

Alàájì wò mí láti òkè dé ibi tí agbádá parí sí, ó sì jìnnà. Wọ́n gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní, "Ọba tó bá ti wà lórí ìtẹ́, a kì í bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Kábíyèsí, ẹ máa dá ẹjọ́ yín lọ. Bẹ́ ẹ bá parí, màá wọ̀ ọ́ lọ sílé."

Bí wọ́n ṣe wí náà ni wọ́n ṣe. Òwú ṣì ń fò lára agbádá náà nígbà tí wọ́n wọ̀ ọ́ jáde, ìrìn àjò Ola sì di ọjọ́ mìíràn. Tíṣà Olújídé wá bi bàbá mi bóyá wọ́n á lè ṣe ipa tiwọn yẹn nínú eré ọdún tó ń bọ̀ náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe ń kírun tán ni èrò kún ṣọ́ọ̀bù wa. "Mùtà, o sọ òótọ́ lánàá, máa bá a lọ." Aṣọ mọ́kànlá ló kúrò lára ìṣó lọ́jọ́ yẹn. Fún bí oṣù kan lẹ́yìn náà, òótọ́ nìkan ni bàbá mi ń sọ. Bí èèyàn bá dé, wọ́n á ní, "N ò tíì fọwọ́ kàn án." Tàbí, "Mo gbàgbé ẹ̀ ni." Tàbí, "Aṣọ yẹn ò wù mí rán." Àwọn èèyàn ò lè fara dà á. Ìyá àgbà ará Ara ló kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n, ó ní, "Mùtàlíbù, dákun, padà sórí bọ́tìnnì. Ìyẹn ń fúnni nírètí."

Wọ́n padà sórí bọ́tìnnì.

Tèmi ńkọ́? Lálẹ́ ọjọ́ eré, wọ́n ní aṣọ pupa yẹn máa pé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Mo béèrè lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ku bọ́tìnnì. Mo béèrè nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ó ku bọ́tìnnì. Ó wá di àwàdà ilé wa. Bí mo bá ti ọ̀nà jíjìn dé, kí n tó kúnlẹ̀ tán, màá ní, "Bàbá, agbádá Kábíyèsí ńkọ́?" Àwọn náà ò ní jẹ́ kí n parí rẹ̀ tí wọ́n á fi ní, "Ó ku bọ́tìnnì." Ìyá mi á kàn mi orí, wọ́n á gbé gàrí àti omi tútù wá. Mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n ò ní tàn yín, ibì kan nínú mi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ṣì jókòó níbẹ̀ sórí bẹ́ńṣì, ó ń wo ilẹ̀.

Lọ́dún 1998, èmi náà ti di tíṣà, ní Ara. Ìparí sáà dé, àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ ṣe eré, ọba sì wà nínú rẹ̀. Mo lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, mo ń ráhùn pé ọmọ tó máa jọba ò ní aṣọ. Bàbá mi ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ pẹ̀lú awò ojú tó nípọn, ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tí òwú ti tàsé. Wọn ò gbórí sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, oní-máṣíìnì kan ya wọ ọgbà iléèwé láti Èjìgbò, ó gbé nǹkan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé fún mi. Mo tú u. Agbádá pupa ni, tó ń dán, èjìká rẹ̀ ò ju ti ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Mo yí inú rẹ̀ síta, n ò mọ èyí tó jẹ́ inú. Mo tún yí i padà. Láàárín àyà rẹ̀ gan-an, níbi tí kò ti wúlò fún nǹkan kan, wọ́n rán bọ́tìnnì funfun kan mọ́ ọn.

Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn ọmọ fi wá ń wò mí, wọn ò sì mọ ìgbà tó di ẹkún. Mo kiwọ́ bọ ọrùn rẹ̀ nínú. Bébà wà níbẹ̀, ó ti pọ́n bí ewé tó gbẹ, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ ṣì hàn. Kábíyèsí. Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ yẹn náà lóòótọ́. Wọ́n kúkú ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, èmi ni n ò béèrè Ọjọ́bọ̀ wo.